Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Cliveden

Ilé ńlá Cliveden wà lórí òkè kan létí odò Thames, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1985 ló ti di hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè sùn níbẹ̀. Ilé Nancy Astor àti ọkọ rẹ̀ ni nígbà kan. Nancy ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ní 1919. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n máa fi ìyẹn rántí ilé náà, ṣùgbọ́n adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló lókìkí jù.

Níbẹ̀ ni John Profumo, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun, ti pàdé Christine Keeler ní oṣù Keje 1961. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọbìnrin náà. Ní 1963, Profumo sọ níwájú àwọn aṣòfin pé kò sí ohun àìtọ́ kankan láàárín àwọn. Irọ́ ni. Àṣírí tú, ó sì fipò sílẹ̀. Ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ àánú ní London, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ní 1975, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá.

Keeler ńkọ́? Òun náà purọ́, nílé ẹjọ́, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀wọ̀n oṣù 9 ni wọ́n dá fún un.

Àwọn àlejò ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún yẹn. Bí mo bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, etí rẹ̀ ni n óò jókòó sí.