Wíwa Irin Nílẹ̀ Yorùbá àti Ohun Tó Ń Náni

Ohun tí wọ́n kọ nípa wíwa irin nílẹ̀ wa fọ́n káàkiri, wọ́n sì ta kora. Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ní ibi gbogbo ni ìléru tí wọ́n fi ń yọ irin lára òkúta ti ń kú. C. V. Bellamy, òyìnbó ìjọba Èkó, dé abúlé tó pè ní Ola-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ó bá gbogbo ará ibẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1904. Èwo ni ká gbà?

Ti ayé àtijọ́ kò pọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni: òkìtì ìdàrọ́, pàǹtí inú ìléru, ló ṣẹ́kù tó ń jẹ́rìí. Johnson ní ẹta ni òkúta irin ń jẹ́, òun ló bí Ẹlẹ́ta n'Ìbàdàn, àti pé ìlọ irin ló bí Ìlọrin.

Ní Ola-Igbi, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á wa òkúta irin, wọ́n á sun ún, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á sì fi omi ṣàn án. Ìgbà náà ló tó wọ ìléru pẹ̀lú èédú àti ìdàrọ́ iṣẹ́ àná. Iná náà kì í sinmi fún ohun tó lé ní ọjọ́ kan. Lójú tèmi, kòtò kọ́ ló náni jù, bí kò ṣe igi líle tí wọ́n ń sun di èédú, àti apá tó ń gún, tó ń fọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pá irin òyìnbó ti borí: ó dínwó. Àwọn kan ní reluwé ló pa ìléru. Èmi ò gbà. Ojú irin láti Èkó kò ṣí dé Ìbàdàn títí di 1901, bẹ́ẹ̀ 1897 ni Johnson parí ìwé rẹ̀. Lóòótọ́, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kó jọ kó tó jáde ní 1921; síbẹ̀ mo gbà pé ẹ̀rí Samuel ni. Reluwé kàn mú ikú náà yá ni. Kò sì gba Ọ̀yọ́ kọjá, Òṣogbo ló forí lé, ìyẹn ni mo rò pé ó jẹ́ kí iná Ola-Igbi pẹ́ kó tó kú. Johnson àti Bellamy kò parọ́.

Ti òde òní ńkọ́? Ní 1979 ni ìjọba Nàìjíríà dá iléeṣẹ́ tí yóò máa wa irin Itakpe ní Kogi sílẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti wà á. Abẹ́ ilẹ̀ ń jẹ owó ju bẹ́ẹ̀ lọ: atẹ́gùn fífẹ́ sísàlẹ̀, omi fífà jáde. Ní Kiruna, Sweden, ilẹ̀ ń rì nítorí wíwa irin lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń ṣí àárín ìlú nípò. Nílẹ̀ Yorùbá wa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, irin àlòkù ni àwọn iléeṣẹ́ ń yọ́, kì í ṣe òkúta irin.