Ta Ni Yóò Sọ Pé Bàálù Kò Gbọdọ̀ Gbéra?

A kì í fìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Síbẹ̀, ìkánjú wà nínú ìtàn ìrìnnà òfurufú wa, ó sì ti mú ẹ̀mí lọ. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta, ti ọdún 1991, 2005 àti 2012, ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbà pé kì í ṣe òfin ló wọ́n wa. Ẹni tó lè sọ pé "rárá," tí àwọn ọ̀gá yóò sì gbọ́ tirẹ̀, ló wọ́n wa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára bàálù, kò gbọdọ̀ fò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní MEL. Iléeṣẹ́ bàálù ló ń ṣe é, àjọ ìjọba ló sì ń fọwọ́ sí i. NCAA ni tiwa ní Nàìjíríà. Ìwé náà sọ ohun tó lè bàjẹ́ kí bàálù ṣì fò, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Àwọn nǹkan kan ní ọjọ́ 3, àwọn mìíràn ní ọjọ́ 10. Bí àpẹẹrẹ, rédà tó ń fi ìjì han awakọ̀ lè má ṣiṣẹ́, bí kò bá ti sí ìjì àti ààrá lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi gáréèjì wa ní Ìkòtún ṣe àkàwé. Dánfó tí iná iwájú rẹ̀ kò tàn lè kó èrò lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ewu ni. Èyí tí bíréèkì rẹ̀ kò mú kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan rárá, ì báà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, bàálù DC-8 kan fẹ́ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ ṣe Hajj láti Jeddah padà sí Sókótó. Nationair, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Kánádà, ló ni bàálù náà. Nigeria Airways ló háyà rẹ̀. Àwọn mẹ́káníìkì ti rí i pé afẹ́fẹ́ inú táyà kò tó. Náítírójìn tí wọ́n máa fi fẹ́ ẹ kò sí nítòsí. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ìrìn àjò falẹ̀, ni bàálù bá lọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sáré lórí ilẹ̀, táyà bẹ́, iná sì ràn. Àwọn awakọ̀ kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù wọlé, wọ́n ká iná mọ́ ọn. Wọ́n gbìyànjú láti padà sí Jeddah, ṣùgbọ́n wọn kò dé orí pápá. Gbogbo èèyàn 261 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Ọdún 14 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù Boeing 737 ti Bellview gbéra ní Èkó lálẹ́, ó ń lọ sí Àbújá. Kò pẹ́ tó fi já lulẹ̀ ní abúlé Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èèyàn 117 ló bá a lọ. Àjọ tó ṣèwádìí jàm̀bá náà kò lè sọ pàtó ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàálù náà ní àléébù, àti pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó gbéra lọ́jọ́ náà, àní kò yẹ kó ti fò ní àwọn ìrìn tó ṣáájú pàápàá.

Ní ọdún 2006, ìjọba ṣe òfin tuntun tó fún NCAA ní òmìnira láti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, ẹ́ńjìnnì kan nínú bàálù Dana tó ń bọ̀ láti Àbújá kò dáhùn mọ́ lójú ọ̀run. Àwọn awakọ̀ kò yà sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Èkó ni wọ́n dorí kọ. Ẹ́ńjìnnì kejì náà dákẹ́, bàálù sì já lé ilé àwọn èèyàn lórí ní Ìjù-Ìṣàgá. Èèyàn 153 kú nínú rẹ̀, èèyàn 6 sì kú lórí ilẹ̀. Àwọn 6 yẹn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjù-Ìṣàgá kò sì jìnnà sí wa ní Alímọ̀ṣọ́.

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá ń dá bàálù dúró nítorí gbogbo àléébù, a kò ní lọ síbì kankan mọ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe MEL. Ṣùgbọ́n ìwé kò lẹ́nu. Ẹlẹ́rọ ló ń buwọ́ lùwé pé bàálù yá, awakọ̀ àgbà ló sì lè kọ̀ pé òun kò gbé e. Àwọn méjèèjì ń gba owó oṣù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń fẹ́ kí bàálù lọ. Ọwọ́ àwa èrò pàápàá kò mọ́. Bí wọ́n bá kéde pé bàálù yóò pẹ́, ariwo àti èébú ló ń sọ.

Nítorí náà, mo rọ ìjọba kí òfin dáàbò bo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé bàálù kò gbọdọ̀ gbéra. Mo sì rọ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró díẹ̀ ní pápákọ̀, ẹ má bú wọn. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń wo táyà.