ÌPAMỌ́ ÌWÉ ÌTÀN KÀBÀ ÀTI Ọ̀RÀN RAID

1. Ìfáárà

Ìwé ìṣàkóso Ẹkùn Kàbà láyé ìjọba amúnisìn wà ní Lọ́kọ́ja nígbà kan rí; ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní National Archives, Kàdúná. Ní 1967, Kàbà bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ní 1991, ó di ara Ìpínlẹ̀ Kogí. Bí ọwọ́ ìṣàkóso ti ń yí padà ni ewu kí ìwé sọnù ń pọ̀ sí i. Fáìlì tí kò ní ẹ̀dà, ikán lásán tó láti pa á rẹ́. Bí a bá gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ewu náà kò tán. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Díìsì ni àwo pẹlẹbẹ tí a ń kọ nǹkan sí pẹ̀lú agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Dráìfù ni ẹ̀rọ tí ó gbé àwo náà, tí ó ń yí i, tí ó sì ń kà á. Báìtì ni a fi ń ka ohun tí ó lè gbà. Ní 1956, dráìfù tí IBM ṣe fún ẹ̀rọ RAMAC ní àwo 50, síbẹ̀ kò gbà ju létà àti àmì mílíọ̀nù 5 lọ.

3. Ìbẹ̀rẹ̀ RAID

Ní 1988, Patterson, Gibson àti Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley dá a lábàá pé ọ̀pọ̀ dráìfù kékeré olówó pọ́ọ́kú lè rọ́pò ńlá kan tí ó wọ́n. Ṣùgbọ́n bí dráìfù bá ti ń pọ̀ ni ìbàjẹ́ ń súnmọ́ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi àdáṣe kún un.

RAID 0 ń pín iṣẹ́ káàkiri láìní ẹ̀dà. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ti lọ. RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí dráìfù méjì. RAID 5 ń pa ẹ̀rí ìṣirò mọ́, ó sì ń tú u ká sórí gbogbo dráìfù. Bí àpẹẹrẹ, bí ọ̀kan bá mú 7, tí èkejì mú 5, ẹ̀rí wọn ni 12. Bí 5 bá sọnù, 12 àti 7 yóò dá a padà. Bí méjì bá bàjẹ́ pọ̀, kò sí àtúnṣe.

4. Kàbà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹni tí ó ń wádìí ìtàn Kàbà kò gbọdọ̀ dúró sí apá kan. Kàbà, Òdòlú àti Kàtú ni yóò tọ̀ lọ. Èyí jọ RAID 1, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀dà ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ inú ìtàn àtẹnudẹ́nu gan-an ni òpìtàn ń fi ṣe ẹ̀rí.

5. Àgbálọgbábọ̀

RAID kì í ṣe ẹ̀dà tí a tọ́jú síbòmíràn. Ohun tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí dráìfù kan, a pa á rẹ́ lórí èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí ó bá jó yàrá, yóò jó gbogbo dráìfù inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé Kàbà yóò bá kalẹ́, ó yẹ kí ẹ̀dà wà ní Kàdúná, ní Lọ́kọ́ja àti ní Kàbà fúnra rẹ̀. Igbá kan ṣoṣo kò ṣeé kó gbogbo ẹyin sí.