Pásítọ̀ Lójú Títì, Agbẹjọ́rò Nílé Ẹjọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Constance Baker Motley

Bí a bá ń sọ ìtàn bí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ṣe jà fún ẹ̀tọ́ wọn, orúkọ àwọn pásítọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: Martin Luther King, Fred Shuttlesworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, láti tako òfin ìyàsọ́tọ̀. Wọ́n dẹ ajá sí wọn, wọ́n sì fi páìpù omi panápaná lé wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ lé àwọn ọmọ tó ju 1,000 lọ kúrò ní kíláàsì. Ìwàásù ti gbé àwọn ọmọ dé ojú títì. Ta ni yóò mú wọn padà sílé-ẹ̀kọ́?

Agbẹjọ́rò obìnrin kan, Constance Baker Motley, gbé ọ̀ràn náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Birmingham kọ̀ láti dá wọn padà. Motley kò sunkún lọ sílé. Lọ́jọ́ náà gan-an ló pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níwájú Adájọ́ Elbert Tuttle ní Atlanta, ó sì gba ìdáláre.

Ta ni obìnrin yìí? Ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní New Haven. Erékùṣù Nevis ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Kò sí owó láti rán an lọ sí yunifásítì, títí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Clarence Blakeslee, fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìpàdé kan, tó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó jà kí James Meredith lè wọ Yunifásítì Mississippi ní 1962. Nínú ẹjọ́ 10 tó rò níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, 9 ló borí. Ní 1964 ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ New York; ní 1966 ó di àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ ìjọba àpapọ̀.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí 1 Kọ́ríńtì 6. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ láàárín ará sí ará ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ nà án láìjẹ̀bi, ó lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Róòmù (Ìṣe 22), ó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Késárì (Ìṣe 25).

Nítorí náà, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, bí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ bá wá sọ fún wa pé òun fẹ́ kọ́ òfin, tàbí pé òun fẹ́ du ipò òṣèlú, kí ni a ó sọ fún un? Bí a bá ní iṣẹ́ ayé ni, tí a lé e padà sí ẹgbẹ́ akọrin nìkan, ta ni yóò dúró fún àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé wọn kúrò ní kíláàsì? Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún un, kí a sì bá a wá owó ilé-ẹ̀kọ́.