Ìsọ̀yè Àwọn Àgbà Wa

Bí àkókò ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan máa ń gba ẹnu àwa òbí: oògùn wo ni a lè fún ọmọ kí ohun tó kà lè dúró sí i lórí? Àwọn àgbà wa náà ní tiwọn: kí ni a lè jẹ tí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ kò fi ní máa ṣì wá lẹ́nu? Ìbéèrè àtijọ́ ni. Yorùbá ti fún irú oògùn bẹ́ẹ̀ lórúkọ tipẹ́, ìsọ̀yè ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn dáadáa, a ó rí i pé àwọn tí iyè wọn jí jù lọ nílẹ̀ wa, àwọn babaláwo, àwọn arọ́kin àti àwọn ìyá tó ń ki ọmọ, iṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ìrántí. Iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ọ̀nà náà kò sì tíì bàjẹ́. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín, kí a lè mú un lò nínú ilé wa.

Ẹ̀kọ́ tí kò ní ìwé

Ẹ jẹ́ kí a fi Ifá ṣe àpẹẹrẹ, yálà onígbàgbọ́ ni wá tàbí mùsùlùmí, nítorí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ń wò. Ojú odù jẹ́ 16, àwọn ọmọ odù jẹ́ 240, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 256. Abẹ́ odù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ̀ wà. Ọmọ tó ń kọ́ Ifá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Wọn kì í da gbogbo rẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ọmọ náà a sọ ọ́, ọ̀gá a tún un ṣe, ọmọ a tún un sọ.

Ẹsẹ̀ Ifá pàápàá ní ètò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, fi hàn wá pé ẹsẹ̀ a máa sọ orúkọ àwọn awo tó dá Ifá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó gbé onítọ̀hún wá, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti mọ ètò yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn. Bó ṣe ń sọ apá kan ni apá tó kù ń wá sí i lẹ́nu. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ìṣúra àtẹnudẹ́nu tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ aráyé.

Àwọn arọ́kin ní ààfin Ọ̀yọ́ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ìtàn àwọn Aláàfin, ó sì jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Ọ̀dọ̀ wọn ni Àlùfáà Samuel Johnson ti rí púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tó sì tún ìwé náà kọ. 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìtàn yìí kọ́ wa pé ìwé náà lè sọnù, àfi bí ẹ̀dà bá wà níbòmíràn.

Fífi ọ̀rọ̀ kọ́ nǹkan

Ọgbọ́n kejì tí àwọn àgbà lò ni pé wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá wà. Wọ́n máa ń so ó mọ́ nǹkan. Ẹ wo àrokò. Ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ ṣe ọ̀kan. Ìró iye owó náà ló gbé iṣẹ́ tí wọ́n rán. Ẹ wo orúkọ tí a ń sọ ọmọ. Abíọ́dún sọ ìgbà tí wọ́n bí i, Abíọ́nà sọ ibi tí wọ́n bí i sí, Tòkunbọ̀ sì sọ ìrìn àjò àwọn òbí rẹ̀. Bí a bá ti ń pe ọmọ ni a ń tún ìtàn náà rántí.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn jàǹfààní ọgbọ́n yìí. Ní 1992, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé tó ń bá àgbàlagbà jà. Lára àwọn tó ṣe é ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun, tó dolóògbé ní 1995, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì. Ẹni ọdún 65 sókè ni wọ́n ń wá, ọ̀pọ̀ àgbà kò sì ní ìwé ìbí. Ohun tí wọ́n lò ni àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Ajayi àti Igun ṣe ní 1963. Ẹni tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i lè mọ ọba tó wà lórí oyè nígbà náà, tàbí kí ó mọ̀ bóyá òun ti ń rìn nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ìkọ́ tí ọjọ́ orí wọn rọ̀ mọ́.

Èsì tó jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú àgbà ọgọ́rùn-ún, iye tí àrùn náà ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Kò sí ẹni tó lè sọ pé nǹkan kan ṣoṣo ló fà á. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwa tí a wà lókè òkun. Àwọn ará Indianapolis yẹn, ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni àwọn baba ńlá wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì pọ̀ láàárín wọn ju ti Ìbàdàn lọ. Ìgbé ayé tí à ń gbé níhìn-ín ń ṣiṣẹ́ lára wa.

Orin dúró, ọ̀rọ̀ ilé lọ

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil kò mú ìwé kankan dání. Òwò ẹrú parí, oko ẹrú náà sì dópin ní Cuba ní 1886, ní Brazil ní 1888. Síbẹ̀, títí di òní, nínú àwọn ilé òrìṣà ní Havana, Matanzas àti Salvador, orin Yorùbá ń dún. Ìlù gbé e, ijó gbé e, àjọ̀dún a sì máa mú un padà wá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò lè fi Yorùbá sọ pé kí ọmọ lọ bu omi wá. Ohun tí wọ́n ń kọ lórin dúró, èyí tí wọn kò sọ nínú ilé mọ́ lọ.

Ẹ wá wo Àjàyí Crowther. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì gbé e dé Sàró. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Sàró nígbà náà, wọ́n sì ń sọ èdè wọn láàárín ara wọn. Ní 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25, wọ́n sì ní èdè tí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Bí wọ́n bá délé lónìí, ta ni nínú wọn tó lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀?

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan, tẹ ìwé jáde nípa bó ṣe fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò. Ó rí i pé ohun tí a kọ́ máa ń tètè sá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé a rọra. Ó tún rí i pé kí a pín àkọ́túnkọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju kí a kó o jọ sí ọjọ́ kan. Ohun tí ọ̀gá awo ti ń ṣe fún ọmọ nìyẹn.

Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà. Àwọn kan ń kà á lákàtúnkà. Àwọn kan kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló borí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, awakọ̀ takisí dúdú gbọ́dọ̀ mọ nǹkan bí òpópónà 25,000 lórí. Ní 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé apá kan nínú ọpọlọ tó jẹ mọ́ ìrántí ọ̀nà tóbi lára wọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní 2011, wọ́n tún rí i pé àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ náà títí wọ́n fi yege ni apá yẹn tóbi sí i lára wọn. A kò bí wọn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ohun tí a lè ṣe nílé

1. Ẹ pín ẹ̀kọ́ sí ọjọ́. Ohun tí ọmọ bá kọ́ lónìí, kí ó tún un wò lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

2. Ẹ ní kí ó pa ìwé dé, kí ó sì sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ ẹ̀kọ́ náà, ẹ gbọ́ ọ títí dópin. Ibi tó bá ti kólòlò ni kí ó padà lọ kà.

3. Ẹ so ohun tuntun mọ́ ohun tí ẹ ti mọ̀. Bí ẹ bá pàdé ẹnìkan ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ béèrè ìlú rẹ̀ àti ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

4. Ẹ máa ki àwọn ọmọ ní oríkì ní òwúrọ̀, ẹ pa àlọ́ fún wọn ní alẹ́, kí àwọn náà sì pa tiwọn. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá jẹ́ èdè tí a fi ń béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ.

5. Ẹ pe àwọn àgbà lórí fóònù, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ìtàn ìdílé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà sí ilé méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ rántí ìwé Johnson.

6. Ẹ tọ́jú ara tí ọpọlọ ń gbé. Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń fa àrùn ìgbàgbé tí a sì lè mójú tó. Wọ́n ní bí a bá mójú tó gbogbo wọn, ó kù díẹ̀ kí iye tí a lè dènà tàbí dá dúró tó ìdajì. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, etí tó ń di, ojú tí kò ríran dáadáa, sìgá, àìrìn-àìjó àti dídá wà. Nítorí náà, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe sọ, kí ẹ má sì tijú láti lo ohun ìgbọ́ràn. Ẹ sùn dáadáa pẹ̀lú. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán, ṣùgbọ́n ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ẹrù ọjọ́ náà síbi tó yẹ.

7. Ẹ ṣọ́ owó yín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn ìrántí. Wọ́n dán ginkgo tí wọ́n ń polówó wò lára àgbà tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà. Èsì rẹ̀ tó jáde ní 2008 ni pé kò dènà àrùn ìgbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn àgbà. Kí ènìyàn ṣi ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ń ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé láti ọdún pípẹ́, tó ń béèrè ohun kan náà ní gbogbo ìgbà, tàbí tí kò lè ka owó bó ṣe máa ń kà á, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ má sọ pé ó kàn ń ṣarán, ẹ má sì fi àjẹ́ pè é. Àìsàn ni, àwọn mìíràn tó jọ ọ́ sì ní ìwòsàn. Bí ó bá ń gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń padà sí Yorùbá, ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má baà rò pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́ náà, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá nínú ilé ni yóò dúró ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí yóò sì dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan nínú méje yìí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí iyè wa máa jí, àwa àti àwọn ọmọ wa.