Ìfètòsọ́mọbíbí Kì í Ṣe Àlejò Nílẹ̀ Wa

Bí ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí bá délẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ohun méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní òyìnbó ló kó o dé láti dín iye wa kù. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀sìn kò gbà á, pé Ọlọ́run tó dá ẹnu ni yóò pèsè ohun tí ẹnu yóò jẹ. Nínú ìlú Ọ̀wọ̀ kan náà, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ilé-ìwòsàn St. Louis ti ìjọ Kátólíìkì sì wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, mọ́ṣáláṣí àti ilé àdúrà àwọn Aládùúrà ń gbọ́ ohùn ara wọn. Bí a bá kọjá sí Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, bákan náà ni. Nítorí náà, ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè: ṣé lóòótọ́ ni ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ àlejò nílẹ̀ Yorùbá?

Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981, Ọ̀jọ̀gbọ́n I. O. Òrúbùlóyè tẹ ìwé kan jáde lórí bí àwọn obìnrin ìgbèríko Èkìtì ṣe ń fi àlàfo sáàárín ọmọ kan àti èkejì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Èkìtì àti Ọ̀wọ̀ jọ wà nígbà náà, láti ọdún 1976 títí di ọdún 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò. Kí ìwé náà tó jáde, ní ọdún 1977, John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀, Pat, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan náà láàárín àwọn Yorùbá. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí rí ni pé àwọn baba àti ìyá ńlá wa ní ètò tó lágbára. Bí obìnrin bá ti bímọ, òun àti ọkọ rẹ̀ kò ní sùn pọ̀ mọ́ títí ọmọ yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú. Ní ayé àtijọ́, èyí lè tó ọdún méjì, ó lè tó mẹ́ta.

Ìdí tí àwọn àgbà fi ń ṣe é ni pé wọ́n gbà pé àtọ̀ ọkùnrin a máa ba omi ọmú jẹ́, àti pé ọmọ tó bá mu ọmú bẹ́ẹ̀ yóò ṣàìsàn, ó sì lè kú. A lè jiyàn lórí ìdí yẹn lónìí, ṣùgbọ́n a kò lè jiyàn lórí èrè rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tètè lóyún mìíràn a máa rí ọmú mu dáadáa, ìyá náà a sì rí ara gbà. Bí obìnrin bá wá lóyún lé ọmọ ọmú, ẹ̀gàn ni fún òun àti ọkọ rẹ̀. Wọn a ní wọn kò lè kó ara wọn níjàánu.

Ètò náà kò parí síbẹ̀. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ti bímọ, tó ti di ìyá àgbà, kò gbọdọ̀ tún bímọ mọ́. Ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa gbé oyún káàkiri ilé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn oníṣègùn ní òrùka, ìgbàdí àti àgádágodo tí wọ́n ń lò láti dá oyún dúró. Bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ sí kọ́ là ń sọ, bí kò ṣe pé èrò àtidá oyún dúró ti wà nílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró tó dé. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa fẹ́ ọmọ púpọ̀, nítorí àbíkú àti àìsàn ń pa wọ́n. Síbẹ̀, àwọn kan náà ló ń sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.

Kí ló wá ba ètò yìí jẹ́? Orí ohun méjì ló dúró lé. Èkíní ni agbo ilé: ojú ìyá ọkọ ni ìyá ọmọ wà, ó sì ní yàrá tirẹ̀. Èkejì ni ìkóbìnrinjọ: ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kan ń tọ́mọ lè lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ó wàásù ìyàwó kan ṣoṣo. Ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìjọba kó tọkọtaya kúrò ní agbo ilé lọ sí yàrá kan ní ìgboro, níbi tí kò sí ìyá ọkọ tí yóò máa ṣọ́ wọn. Wàrà inú agolo náà dé. Díẹ̀díẹ̀, ọdún mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di oṣù mélòó kan. Ìjọ kò pète rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó wó ògiri tí àwọn ìyá wa fi ń dáàbò bo ara wọn. Bí a bá mú ọ̀nà àtijọ́ lọ, dandan ni kí tọkọtaya wá ọ̀nà mìíràn.

Orí ọ̀nà mìíràn yìí gan-an ni àwọn ẹ̀sìn ti wá pínyà. Ní ọdún 1908, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó péjọ sí Lambeth ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù dá ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́bi. Ní ọdún 1930, ní ibi kan náà, wọ́n fi ìbò 193 sí 67 gbà á láàyè fún tọkọtaya tó bá ní ìdí pàtàkì. Nígbà tó di ọdún 1958, wọ́n ní ojúṣe tọkọtaya níwájú Ọlọ́run ni láti pinnu iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí àti ìgbà tí wọn yóò bí wọn. Láàárín àádọ́ta ọdún péré, èrò ìjọ kan yí padà pátápátá.

Ìjọ Kátólíìkì kò tọ ọ̀nà yẹn. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n yàn wádìí ọ̀rọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn sì dámọ̀ràn àyípadà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25, oṣù keje, ọdún 1968, Pópù Paul Kẹfà fi ìwé Humanae Vitae sọ pé oògùn àti ohun èlò kò tọ́, pé kíka ọjọ́ tí obìnrin kò lè lóyún nìkan ló bá òfin Ọlọ́run mu. Ẹ kíyè sí i pé Pópù kò ní kí tọkọtaya má fi àlàfo sáàárín ọmọ. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà ló ń bá wọn jà lé lórí.

Ní ti Ìsìláàmù, Al-Kùránì sọ nínú Súrà Al-Baqarah pé kí ìyá tó bá fẹ́ pé ọdún ọmú fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, ọ̀rọ̀ tí kò jìnnà sí ti àwọn ìyá ńlá wa. Jabir, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, jẹ́rìí pé àwọn ń da àtọ̀ síta nígbà ayé Ànábì, wọn kò sì dá àwọn lẹ́kun. Imam al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, gbà á láàyè, kódà fún ẹni tó ń bẹ̀rù ìnira ọmọ púpọ̀. Àmọ́ Al-Kùránì kan náà kìlọ̀ pé kí a má pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì, ẹsẹ̀ yìí sì ni àwọn ààfáà tó kọ ìfètòsọ́mọbíbí máa ń tọ́ka sí.

Ìjọba náà fi tirẹ̀ kún un. Ọdún 1964 ni àwọn aládàáni dá ìgbìmọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1988, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ìjọba Babangida gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Obìnrin ni wọ́n kà, wọn kò ka ọkùnrin. Ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́rin lè bí mẹ́rìndínlógún, kó má sì rú ìlànà náà. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ obìnrin bínú sí i, àwọn ẹlẹ́sìn sì fura.

Báwo ni nǹkan ṣe rí lẹ́yìn gbogbo èyí? Ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1990 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà nílé ọkọ, mẹ́fà péré ló ń lo ọ̀nà kankan. Ní ọdún 2018, wọ́n di mẹ́tàdínlógún. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ yóò sọ àwọn di àgàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń rò pé ìyàwó tó bá ṣe é fẹ́ máa yan àlè ni. Nítorí náà, àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́, torí abẹ́rẹ́ kì í fi àmì sílẹ̀ tí ọkọ yóò rí.

Níbí ni òkodoro ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láyé àtijọ́, ẹ̀tọ́ ìyá ọmọ láti sinmi kì í ṣe àṣírí. Gbogbo agbo ilé ló ń gbè é lẹ́yìn. Lónìí, ohun tí ìyá ńlá rẹ̀ ń ṣe lójú gbogbo ayé ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ń yọ́ ṣe. Kí Kátólíìkì máa ka ọjọ́ rẹ̀, kí Áńgílíkà àti Mùsùlùmí máa tẹ̀lé ẹ̀rí ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lórí pẹpẹ tàbí mínbárì sọ fún obìnrin pé fífẹ́ tó fẹ́ fi àlàfo sáàárín ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìwà àjèjì. Ilé ló ti mú un wá. Ohun tó kù ni kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ fún ara wọn, kí àwọn olórí ẹ̀sìn sì jẹ́ kí wọ́n rí àyè sọ ọ́.