Sakisofóònù Ò Jogún
Táa bá gbọ́ sakisofóònù, Fẹlá ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, kì í ṣe Mozart. Ó nídìí. Ọdún 1846 ni Adolphe Sax gba ìwé àṣẹ fún fèrè yìí nílẹ̀ Faransé. Mozart ti kú láti 1791. Kò bá wọn pín ogún orin kílásíkà.

Ẹni tí ò rí oko jogún, igbó ló ń ṣán. Ohun tí Steven Banks, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣe nìyẹn: ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n kọ orin tuntun sílẹ̀ fún fèrè rẹ̀. Lọ́dún 2022, òun ni onísakisofóònù àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Avery Fisher Career Grant. Nígbà tó di 2023, ó fọn Diaspora, tí Billy Childs kọ fún un: ìtàn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun.